Wáyà Tí Ìyá Mi Gbà Wọ Pálọ̀ Wa

Tí ẹ bá ti ta wáyà kọ̀ǹpútà rí, ẹ ó mọ̀ pé irọ́ ni oníbàárà máa ń kọ́kọ́ pa. Kì í ṣe pé ó fẹ́ pa á. Á kàn wọlé, á ní, "Ẹ fún mi ní wáyà kọ̀ǹpútà," bí ẹni pé wáyà kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà ní láyé, bí ìwọ́ ọmọ. Tí a bá bi í pé èwo nínú wọn, á ní, "Èyí tó máa ń wà lẹ́yìn ẹ̀." Gbogbo wọn ló ń wà lẹ́yìn ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí wà ní Alákijà, kò fẹ̀ ju ibi tí ènìyàn méjì lè dúró sí láìgbá ara wọn nímú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá ni, kò sí owó láti tẹ̀ síwájú, ìyá mi sì ní kí n má jókòó sílé máa ka òrùlé. Àǹtí tó ni ṣọ́ọ̀bù náà gbà mí. Òfin tó kọ́kọ́ fún mi nìyí: "Má fi etí ta ọjà. Ní kí wọ́n fi ẹnu ẹ̀rọ wọn hàn ọ́." Ìdí nìyẹn tí àwọn oníbàárà wa fi máa ń ya fọ́tò ẹ̀yìn ẹ̀rọ wọn wá. Bàbá kan tí kò mọ fọ́tò yà gbé odindi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó gbá a mọ́ra bí ọmọ tó ń ṣàìsàn.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ àwọn ẹnu. Ẹnu pẹlẹbẹ ti USB ni gbogbo ayé mọ̀, òun ni ti máòsì àti fílásì. Ìbejì rẹ̀ onígun mẹ́rin, tó rí bí ilé kékeré, ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni. Type-C kò mọ orí, kò mọ ìdí, bí o bá ṣe fi í wọlé náà ló ṣe máa wọlé. Fóònù ayé ìsinsìnyí ló ni ín. Ti ìńtánẹ́ẹ̀tì ní ahọ́n kékeré lórí, tó bá wọ ihò rẹ̀, á dún kó! bí ẹni tẹ èékánná. HDMI fẹ̀ lókè, ó sún lẹ́gbẹ̀ẹ́ nísàlẹ̀, àwòrán àti ohùn ló ń gbé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. VGA ni àgbà wọn, aláwọ̀ búlúù, eyín irin wẹ́wẹ́ kún ẹnu rẹ̀, ó ní síkúrù méjì lápá ọ̀tún àti òsì bí etí. Òun ò mọ ju àwòrán lọ. Tí o bá fẹ́ ohùn, àfi kí o wá wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí orí rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n ń fi bọ sípíkà.

Àǹtí kò tijú rárá. "Èyí tó yọ orí jáde ni akọ, èyí tó lanu ni abo. Akọ àti akọ ò lè wọra, má jẹ́ kí oníbàárà fi agbára tì í." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Ó wò mí. "Rẹ́rìn-ín tán, kí o wá tò wọ́n." Iná máa ń lọ lójijì, oníbàárà kì í sì dúró de iná, nítorí náà ìka ni mo fi ń dá wọn mọ̀ nínú òkùnkùn ṣọ́ọ̀bù. Títí dòní, ìka mi mọ ẹnu wáyà bí ìka àwọn ìyá wa ṣe mọ ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ nínú.

Nígbà tí mo lọ́kọ, mo kó wá sí Festac. Awakọ̀ ni ọkọ mi. Yàrá kan àti pálọ̀ la gbà lẹ́yìn ilé tọkọtaya kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, Daddy àti Mummy ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Nígbà tí oyún mi wá wúwo tí n kò lè dúró lórí ẹsẹ̀ mọ́, Àǹtí ní kí n lọ sinmi. Ó fún mi ní láptọ̀ọ̀pù àtijọ́ kan, ó ní kí n máa fi wo fíìmù títí ọmọ á fi dé. Sípíkà inú láptọ̀ọ̀pù náà ti kú pátápátá, ìhò àwòrán kan ṣoṣo tó sì ní ni ti VGA. Mo dúpẹ́. Fíìmù tí kò lóhùn, èmi fúnra mi ni mo ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Oṣù tí mo máa bímọ gan-an ni ìyá mi yọ̀ ṣubú lẹ́bàá kànga ní Ìkirè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Ẹni tó yẹ kó wá bá mi wẹ ọmọ, orí bẹ́ẹ̀dì ló wà, wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ igi. Mo sunkún lórí fóònù. Òun ló ń bẹ̀ mí.

"Dákẹ́. Orúkọ kan wà lẹ́nu mi fún ọmọ yẹn. Láti ìgbà tí o ti lóyún ló ti wà níbẹ̀."

"Ẹ sọ ọ́ fún mi, Màámi."

"Mi ò sọ. Ṣé ìwọ nìkan lo bí i ni? Lójú gbogbo wọn ni mo ti máa sọ ọ́."

Bàbá mi ti kú ní tiẹ̀. Ní ìhà tèmi, ìyá mi nìkan ni àgbà tó ṣẹ́kù tó lè sọ ọmọ mi lórúkọ. Tí kò bá sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, á di pé ilé ọkọ nìkan ló gba ọmọ náà sáyé. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń ká mi lára ju ojú egbò ibi tí wọ́n ti rán mi nígbà tí mo bímọ lọ.

Ìyá ọkọ mi ló wá bá mi tọ́jú ọmọ. Kì í ṣe ènìyàn burúkú rárá. Ọwọ́ rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ le, omi tó fi ń wẹ̀ mí wá gbóná ju méjèèjì lọ. Nígbà tí mo sọ fún un pé ìyá mi fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ láti Ìkirè, ó fi kànrìnkàn sílẹ̀.

"Lórí fóònù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mama."

"Ìyàwó, orúkọ kì í ṣe òfófó. Ẹnì kan á gbé fóònù sétí, á wá máa sọ fún wa pé báyìí ni wọ́n wí. Ta ló mọ̀ bóyá òun ló rò ó fúnra rẹ̀? Tí a bá rí ìyá rẹ lójú, tí gbogbo ilé gbọ́ ohùn rẹ̀, ó tán, mo gbà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ jẹ́ ká sọ tiwa, kí tirẹ̀ dúró títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi san."

N kò bínú sí i, ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n wá. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí orúkọ tó bá pẹ́ dé ń sùn. Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni. Wọ́n á ní ọmọ ń jẹ́ ẹ, kò sì sí ẹni tó máa fi pè é láéláé.

Rírí àti gbígbọ́ ló sọ pé òun fẹ́. Mo bá fi sínú ọkàn mi pé iṣẹ́ mi nìyẹn, iṣẹ́ tí mo kọ́ ní Alákijà. Ojú fóònù àti ti láptọ̀ọ̀pù kéré jù fún ilé tó kún, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ńlá kan wà lára ògiri pálọ̀ wa, ohun tí ọkọ mi fi ń yangàn. Ó ní ìhò HDMI. Láptọ̀ọ̀pù mi ní VGA. Wáyà tó máa gba àwòrán lẹ́nu VGA, tó máa yí i padà sí HDMI, wà lọ́jà. Ṣùgbọ́n ìyá ìkókó kì í jáde kí ọjọ́ kẹjọ tó pé, ọkọ mi sì wà lójú ọ̀nà. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni mo rán, ẹni tó ń na ara mọ́tò tó ti wó ní àdúgbò Raji Rasaki. Ìyàwó ilé ni mí, ọkọ mi ni mo ń pe òun náà.

"Ọkọ mi, ẹ sọ fún wọn pé *láti* VGA *sí* HDMI. VGA ni ti láptọ̀ọ̀pù, HDMI ni ti tẹlifíṣọ̀n."

"Ìyàwó wa, èmi tí mò ń na mọ́tò tó ti ká bí ìwé, ṣé wáyà ló máa wá yọ mí lẹ́nu?"

Iṣẹ́ dá a dúró. Àárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ gan-an ló tó gbé e dé. Àwọn àlejò ti ń wọlé, Pásítọ̀ ti jókòó, wọ́n ti gbé oyin, iyọ̀, obì àti abọ́ omi sórí tábìlì. Sípíkà tí ṣọ́ọ̀ṣì fi ń kọrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn. Mo ti fi wáyà Type-C so fóònù mi mọ́ láptọ̀ọ̀pù kó lè fún un ní nẹ́tíwọ̀kì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ti di fóònù mú fún ìyá mi ní Ìkirè. Mo rí ìyá mi lójú láptọ̀ọ̀pù náà, ó ti wé gèlè, ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì bí olorì. Ó kù kí gbogbo ilé rí i.

Ọkọ mi kékeré tú wáyà tuntun nínú ọ̀rá. Ẹnu kan jẹ́ VGA, ẹnu kejì jẹ́ HDMI. Ó fi kan láptọ̀ọ̀pù, ó fi èkejì kan tẹlifíṣọ̀n. Méjèèjì wọlé ṣinṣin. Ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú kirimú.

"Ó ti wọlé o," ó ní. "Kí ló tún kù?"

Ó yọ ọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ó tún tì í. Dúdú. Ọkọ mi gan-an, tó ti dé láti ìrìn àjò, gbá tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn. Dúdú. Mo ní kí wọ́n fún mi ní páálí wáyà náà. Ọmọ wà lọ́mú mi, mo fi ọwọ́ kan yí páálí náà. Ọfà kékeré kan wà níbẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ HDMI ló ti ń lọ sọ́dọ̀ VGA.

"Ọkọ mi, kí lẹ sọ fún wọn lọ́jà?"

"Mo ní HDMI sí VGA. Abí? Ṣebí bákan náà ni. Ọ̀nà tí ènìyàn gbà lọ ló ń gbà bọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́ di ẹkún. "Ti irú wáyà yìí kọ́. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ògbufọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa."

Gbogbo ilé mọ̀ ọ́n. Tí Pásítọ̀ bá ń wàásù ní gẹ̀ẹ́sì, ó máa ń sọ ọ́ di Yorùbá tó dùn débi pé ó ń ju ti Pásítọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àgbàlagbà kan dìde fi Yorùbá jẹ́rìí, tí wọ́n ní kó sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì, ó dúró bí ọ̀pá iná.

"Ohun tí ẹ rà nìyẹn. Ọ̀nà kan ló gbọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Pásítọ̀ ló rẹ́rìn-ín jù. Ìyá ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé abọ́ omi náà sún mọ́ ara rẹ̀ díẹ̀. "Ìyàwó, o ti gbìyànjú. Àwọn èèyàn ti jókòó. Ṣé ká bẹ̀rẹ̀?"

Lójú láptọ̀ọ̀pù, ìyá mi ń tún gèlè rẹ̀ ṣe.

Daddy onílé, tó jókòó nídìí fèrèsé, ló gbé ohùn sókè. "Kí ni ẹ̀rọ tirẹ yẹn ń fẹ́ gan-an?"

"Ohun tó bá ní ìhò búlúù lẹ́yìn ni, sà. Èyí tó ní síkúrù lẹ́gbẹ̀ẹ́."

"Mo ní in!"

Mummy yíjú sí i. "Daddy, ẹ jọ̀ọ́ o. Ẹ má sọ fún mi pé ohun tí mo ní kí ẹ gbé jù nù láti àná àná..."

"Òun gan-an ni!"

"Tí ẹ ní ẹ ti gbé jù nù?"

"Mo gbé e *kúrò nílẹ̀*. Ìgbà wo ni mo ní mo jù ú nù?"

Ó ti dìde. N kò rí kí Daddy rìn báyẹn rí. Nígbà tó padà dé, mọ́nítọ̀ kọ̀ǹpútà tó rà nígbà tó fi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ló gbé wá, eruku bò ó, ṣùgbọ́n wáyà búlúù rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ó ti yí síkúrù rẹ̀ méjèèjì pinpin. Kò tóbi tó tẹlifíṣọ̀n wa, àmọ́ ojú rẹ̀ fẹ̀ tó kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà rí ènìyàn nínú rẹ̀. Wọ́n gbé e lé orí tábìlì, sáàárín oyin àti iyọ̀.

Mo fẹ́ dìde. "Jókòó!" ni ìyá ọkọ mi wí. "Ìyá ìkókó kì í bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì káàkiri, kí ojú egbò wá la." Mo jókòó. Mo fi ẹnu ṣiṣẹ́.

"Ọkọ mi, ẹ wo eyín rẹ̀. Ibi tó fẹ̀ ni kó kọjú sókè. Ẹ má fi agbára tì í, tí eyín kan bá tẹ̀, ó parí. Ẹ rọra. Ẹ wá yí síkúrù rẹ̀, kó má baà bọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá."

Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé wọn, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Mọ́nítọ̀ ṣẹ́jú, ó ṣú, ó tún ṣẹ́jú, gbàà! ojú ìyá mi yọ.

Pálọ̀ hó. Wọ́n ń juwọ́ sí i. Ìyá mi náà ń juwọ́, ẹnu rẹ̀ ń lọ wéréwéré. Nígbà tó yá, ilé dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Ẹnu rẹ̀ ń lọ. A kò gbọ́ nǹkan kan.

"Àwòrán ti dé," ni ìyá ọkọ mi wí, "ohùn ńkọ́? Àbí odi ló fẹ́ sọmọ lórúkọ fún wa?"

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo ti mọ ibi tí mò ń lọ. VGA kì í gbé ohùn. "Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé yàrá. Nínú báàgì ìlédìí ọmọ, wáyà díẹ̀ wà nísàlẹ̀."

"Wáyà nínú báàgì ọmọ?"

"Ẹ dárí jì mí, Mama. Ibẹ̀ ni mo tọ́jú wọn sí."

Ó lọ, ó di wọ́n mú bọ̀ bí ẹni tó já ewé. Mo ní kó wá èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí orí rẹ̀ méjèèjì rí bí abẹ́rẹ́. Ó gbé ti fóònù sókè. Mo ní rárá. Ó gbé ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Rárá, Mama. Ó wá fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi kan orí rìbìtì tó mú ṣómú.

"Eléyìí?"

"Òun ni!"

Ọkọ mi kékeré mú orí kan, ó fi bọ sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì. Orí kejì kù lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi, láptọ̀ọ̀pù sì wà níwájú rẹ̀ gan-an. Ó wò mí.

"Ìhò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, Mama. Ẹ tì í títí á fi dún."

Ó fi etí ìró nu orí wáyà náà, ó di ìmí mú, ó tì í. Ó dún. Sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì bú sọ̀rọ̀ lójijì, àwọn ọmọdé fò sókè.

"...pé MI Ò YADI O! Ìyá ọkọ, láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ yín! Ẹ̀yin lẹ ò gbọ́ mi! Ẹsẹ̀ mi ló ṣẹ́, ẹnu mi ò ṣẹ́!"

Ẹ̀rín tó sọ ní pálọ̀ wa lọ́jọ́ náà, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ dé òpin àdúgbò. Daddy ń pàtẹ́wọ́ fún mọ́nítọ̀ rẹ̀. Mummy ní, "Ó dáa, ẹ má tíì gbé e jù." Ìyá ọkọ mi fi ọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì, nígbà tó sì gbé ojú sókè, omijé ẹ̀rín ló wà níbẹ̀.

"Àna mi, ẹ má bínú," ó ní sí mọ́nítọ̀ náà. "Ẹ sọ̀rọ̀. A rí yín. A sì gbọ́ yín."

Pásítọ̀ gbé ọmọ mi lé ọwọ́. Ìyá mi tún gèlè rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ó súre fún un, ohùn rẹ̀ kún gbogbo ilé, kò gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ó sọ orúkọ náà. N kò ní kọ ọ́ síbí, ilé wa ló ni ín. Mo kàn máa sọ pé nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé ó fi bàbá mi sínú rẹ̀, ó fi ara rẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì ṣẹ́ àyè díẹ̀ kù níbẹ̀ fún èmi náà. Wàrà ọmú mi ya, ó rin aṣọ mi, n kò tilẹ̀ bìkítà.

Ẹni tó bá sọ ọmọ lórúkọ gbọ́dọ̀ ju owó sínú abọ́ omi. Gbogbo wa wo abọ́, a wo mọ́nítọ̀. Ọ̀nà yẹn, kò sí wáyà tó lè gbà á.

Ìyá ọkọ mi tú etí ìró rẹ̀, etí kan náà tó fi nu orí wáyà. Ó mú owó jáde níbẹ̀, ó gbé e sókè kí ìyá mi lè rí i, ó sì jù ú sínú omi.

"Ti ìyá ìyá ọmọ rèé," ó ní. Òun ló sì kọ́kọ́ fi orúkọ náà pe ọmọ mi, gbogbo ilé wá gbà á lẹ́nu rẹ̀, "Amí! Àṣẹ!"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń gbọ́ wọn ní bálùwẹ̀. Omi gbígbóná ń dún, ọmọ ń ké, ìyá ọkọ mi sì ń bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ló pe orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, títí ó fi wẹ̀ ẹ́ tán, ti ìyá mi ló ń pè.